Ìmọ́lẹ̀ Tó Yẹ fún Yíyẹ Ojú Irin Wò: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí À Ń Kọ́ Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé irú ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí a máa fi yẹ ojú irin wò lẹ́yìn tí a bá ti kùn ún ní ọ̀dà, tí a rì í sínú síńkì, tàbí tí a fi króòmù bò ó. Ohun mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò: bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ìhà tó ti ń wá, àti àwọ̀ tó ní. A fi hàn pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti tọ́, ojú a máa tan ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, èyí sì lè ṣàkóbá fún owó ọmọ-iṣẹ́ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìparí, a dá àbá lórí bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe lè ṣètò igun àyẹ̀wò tí kò ní gba owó púpọ̀, àti bí èdè Yorùbá ṣe lè ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́ni.

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi ní ìlú Abuja yìí. Mo gbé ọkọ̀ lọ sí abúlé mẹkáníìkì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin péńtà tó gba iṣẹ́ náà ha ojú irin pẹ̀lú sànpépà, ó po ọ̀dà, ó sì fín in. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó parí. Àwa méjèèjì dúró lábẹ́ gílóòbù kan tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, a wo ilẹ̀kùn náà lọ, a wò ó bọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu régí. Mo sanwó, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ sílé.

Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, ẹnu yà mí. Àwọ̀ eérú ni ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ti fà sí àwọ̀ ewé. Mo padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà tìbínú tìbínú. Ó wo ilẹ̀kùn náà, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọ̀ tí a jọ rí lálẹ́ àná kọ́ nìyí." Òótọ́ ló sọ. Owó ara rẹ̀ ló fi ra ọ̀dà mìíràn, ó sì fi odidi ọjọ́ kan tún iṣẹ́ náà ṣe. Èmi ti rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Òun náà sì rò pé ọwọ́ òun ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tó puró nínú wa. Gílóòbù ló tàn wá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òru ò mẹni ọ̀wọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé òru ò mọ ọ̀dà pẹ̀lú.

Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọwọ́ ní ìbéèrè, tí mo sì ń ka ohun tí àwọn ìlànà àgbáyé sọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo àwa tí à ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí NCE, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò lọ máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ irin, tí wọn yóò sì máa fún wọn ní máàkì.

Ohun tí à ń wá lójú irin

Irin tí a kò tọ́jú ojú rẹ̀ yóò dípẹtà. Ìdí nìyí tí a fi ń kùn ún ní ọ̀dà, tí a ń rì í sínú síńkì gbígbóná bí ti páànù òrùlé, tí a ń fi króòmù bo ẹnu ẹ̀rọ omi, tí a sì ń fi àtíkè ọ̀dà yan férémù fèrèsé alumíníọ̀mù tó kún ilé gbogbo ní Abuja. Lẹ́yìn iṣẹ́ wọ̀nyí, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ti ojú. Ojú ló ń kọ́kọ́ sọ bóyá iṣẹ́ dára tàbí kò dára kí a tó gbé irinṣẹ́ kankan jáde.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àbùkù tí ojú ń wá sí. Èkíní ni àbùkù ìrísí: kòtò, ìhá, ọ̀dà tó ṣàn bí omijé, ọ̀dà tó wú bí irorẹ́, ojú tó rí págunpàgun bí èèpo ọsàn. Èkejì ni àbùkù àwọ̀: ibi tó pọ́n ju ibìkan lọ, àbàwọ́n, tàbí ọ̀dà tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ̀kẹta ni àbùkù ìbòrí: ibi tí ọ̀dà kò dé, ibi tó ti bó, ibi tí ìpẹtà ti ń yọjú. Bí àbùkù wọ̀nyí ṣe yàtọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń tú wọn fó ṣe yàtọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo wá gbogbo wọn, apá kan ni yóò rí.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó

Lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa tó nǹkan bí 100,000 lux. Òṣùpá àrànmọ́jú kò tó 1 lux. Yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn sí lálẹ́ kì í sábà ju 100 lux lọ.

Ìlànà EN 12464-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó wà fún ìmọ́lẹ̀ ibi iṣẹ́ inú ilé, béèrè 300 lux níbi tí wọ́n ti ń rì irin sínú síńkì. Ó béèrè 750 lux níbi tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀dà náà wò tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe, 1000 lux ni ó béèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí: ibi àyẹ̀wò nílò ìmọ́lẹ̀ ju ibi iṣẹ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, òdìkejì ni à ń ṣe. Ojúmọ́ ni a fi ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀, kí a tó kùn ún rárá, ìlànà ISO 17637 sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 350 lux, pé 500 lux ló sì dára jù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ọ̀dà bá ti bo ibi tó sán, ojú kò ní rí i mọ́, àtẹ̀gùn tàbí àga tó sì sán lábẹ́ ọ̀dà lè ṣubú lu ènìyàn.

Kì í ṣe dandan kí a ra iná ńlá. Ìmọ́lẹ̀ a máa dín kù kíákíá bí a bá ṣe ń jìnnà sí orísun rẹ̀. Iná kékeré tó bá fún wa ní 400 lux ní mítà kan yóò fún wa ní 100 lux péré ní mítà méjì, ṣùgbọ́n yóò fún wa ní 1600 lux bí a bá sún un mọ́ irin ní ìdajì mítà. Ìdí nìyí tí tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ fi lè ṣe ohun tí iná àjà kò lè ṣe.

Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá

Ẹni tó bá ti rìn gba oko kọjá ní kùtùkùtù mọ̀ pé òjìji ebè máa ń gùn, tí ebè kọ̀ọ̀kan á sì dá yàtọ̀ gedegbe. Nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, òjìji á pòórá, oko yóò sì dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ebè kò lọ síbì kankan. Ìhà tí oòrùn wà ló yí padà. Àwọn bíríkìlà mọ ọgbọ́n yìí. Bí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán, wọn a gbé iná lé ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó tàn gba ojú rẹ̀ kọjá, gbogbo ibi tó wú àti ibi tó jìn á sì hàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún irin. Láti rí kòtò, ìhá àti ọ̀dà tó ṣàn, kí iná rẹlẹ̀, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ojú irin bó ṣe ń tàn kọjá. Láti rí àwọ̀ àti àbàwọ́n, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀, kí ó wá láti òkè àti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, bí ìmọ́lẹ̀ ibòji tó wà ní gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi èyí gbọ́: iná ni ó ń rẹlẹ̀, kì í ṣe ojú. Ìlànà ISO 17637 kan náà sọ pé kí ojú má jìnnà sí ohun tí à ń wò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí igun tó wà láàárín ojú wa àti ojú irin má sì dín sí 30 dígírì.

Irin tó ń dán gbinrin ní ìṣòro tirẹ̀. Dígí ni. Ohun tí à ń rí lára rẹ̀ jẹ́ àwòrán ohun tó kọjú sí i. Bí a bá gbé iná sí iwájú rẹ̀ gan-an, iná náà ni a ó máa rí, ìtànṣán rẹ̀ á sì bo ìhá mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè sọ ìṣòro náà di irinṣẹ́. Kí a wo àwòrán ọ̀pá iná gígùn, tàbí ti pátákó tí a fa ìlà dúdú àti funfun sí, lójú irin náà. Níbi tí irin bá ti tẹ́jú, ìlà náà yóò gún régé. Níbi tó bá ti tẹ̀ wọnú, ìlà yóò wọ́, bó ti wù kí ọ̀dà náà dán tó. Ọgbọ́n yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá ń lò nígbà tí wọ́n bá wa ọkọ̀ tuntun gba abẹ́ ọ̀wọ́ iná tí wọ́n tò kọjá. Ẹni tó bá dé abúlé mẹkáníìkì Apo yóò rí i pé àwọn péńtà tó gbọ́n níbẹ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á fi ojú tọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìlà orí ògiri tàbí ti òrùlé tó hàn lára ọkọ̀ ni wọ́n ń wò.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀

Ibí ni ẹjọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi wà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní gbogbo àwọ̀ nínú. Gílóòbù onírin-wẹ́rẹ́ àtijọ́ ní pupa àti àwọ̀ ìyeyè púpọ̀, ṣùgbọ́n búlúù inú rẹ̀ kéré. Irin kò lè ta àwọ̀ tí kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ padà sí wa lójú. Bí a bá po ọ̀dà méjì láti inú èròjà tó yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá ara wọn mu lábẹ́ gílóòbù, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn wà ní apá búlúù tí gílóòbù náà kò ní. Nígbà tí oòrùn bá yọ, ìyàtọ̀ náà yóò jáde.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ lágbàáyé fi yan òṣùwọ̀n kan tí wọ́n pè ní D65, tó dúró fún ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6500 kelvin. Bí a bá fẹ́ ra iná LED fún àyẹ̀wò, nọ́ńbà méjì ni kí a wò lára páálí rẹ̀. Èkíní ni kelvin: kí ó wà láàárín 5000 sí 6500. Èkejì ni CRI, tó ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an. 100 ni òpin rẹ̀, kí ti iná wa má dín sí 90. Iná LED kan lè funfun báláú kí CRI rẹ̀ má sì dára. Fífunfun nìkan kò tó.

Ojú ẹni tó ń wò

Ìmọ́lẹ̀ tó dára kò wúlò fún ojú tí kò ríran. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ẹyinjú á máa dín kù, ohun tó sún mọ́ wa á sì máa ṣòro láti rí. Àwa tí a ti lé ní 50 ọdún nílò ìmọ́lẹ̀ ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ láti rí ìhá kan náà. Ìlànà ISO 9712, tó wà fún àwọn tó ń fi àyẹ̀wò irin ṣiṣẹ́, béèrè pé kí wọ́n máa yẹ ojú wọn wò lọ́dọọdún. Kò burú bí olùdánwò wa náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé, kí ó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́.

Jíjìnnà pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Iṣẹ́ tí a óò máa wò láti òkèèrè kò yẹ kí a fi ìdájọ́ iṣẹ́ tí a óò máa fi ọwọ́ mú dá a. Ìlànà Qualicoat fún alumíníọ̀mù tí a kùn ní àtíkè ọ̀dà sọ pé mítà 5 ni kí a ti wo èyí tí a óò lò níta, mítà 3 sì ni fún èyí tí a óò lò nínú ilé. Fún irin tí a rì sínú síńkì, ìlànà ISO 1461 ní kí a má sún mọ́ ọn ju mítà kan lọ. Ó tún sọ pé bí ibìkan bá ṣókùnkùn tí ibìkan sì mọ́lẹ̀ lára rẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó ìdí láti kọ̀ ọ́. Ìdáàbòbò ni iṣẹ́ síńkì, kì í ṣe ẹwà.

Ojúmọ́ Abuja

Ìwé àwọn òyìnbó sábà máa ń sọ pé kí a wo àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí àríwá, nítorí pé oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Ìmọ̀ràn náà dára fún ìlú wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 9 dígírì sí àríwá ìlà agbede-méjì ayé ni Abuja wà. Oòrùn ọ̀sán a máa dé orí wa gan-an ní àárín oṣù Igbe, ìyẹn nǹkan bí àárín April, ó sì tún máa ń padà dé ibẹ̀ ní ìparí August. Láàárín àkókò méjèèjì, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà. Ẹni tó bá gbára lé fèrèsé àríwá nínú oṣù June yóò bá oòrùn níbẹ̀.

Ohun tó bá wa mu ni ibòji gbangba: abẹ́ òrùlé tó yọ jáde, láàárín agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, níbi tí ògiri tó ní àwọ̀ kíkan tàbí igi eléwé púpọ̀ kò ti sún mọ́ irin, nítorí pé àwọ̀ wọn á ràn án. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa sọ ìmọ́lẹ̀ di rúsúrúsú, a sì tún máa bà sórí ọ̀dà tútù. Kí a nu ojú irin kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Bí ó ṣe kan máàkì

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọkùnrin kan fi irin kan àpótí irinṣẹ́, ó sì kùn ún. Wọ́n fún un ní 38 nínú 100. Ohun tí olùdánwò kọ ni pé àwọ̀ àpótí náà kò dọ́gba. Bí a ṣe ń wádìí, a rí i pé agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yẹ iṣẹ́ wò, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń gbé gílóòbù kan ní ìkángun yàrá. Orí tábìlì tó wà láàárín gílóòbù àti fèrèsé ni àpótí ọmọ náà wà. Gílóòbù pọ́n ọn ní apá kan, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì fa apá kejì sí búlúù.

A ní kí wọ́n kó gbogbo àpótí jáde sí ibòji ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Àwọ̀ tirẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tó tún yà wá lẹ́nu ni pé ọ̀dà ti ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ àpótí mìíràn tó gba 70, ọ̀dà kò sì dé ìdí rẹ̀ rárá. Olùdánwò náà kò ṣe ojúsàájú. Onísùúrù ènìyàn ni. Wọ́n tún gbogbo iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, ọmọ náà sì yege. Bí kò bá pẹjọ́ ni, ọdún kan ni ì bá fi tún iṣẹ́ tí kò ní àbùkù ṣe. Mo máa ń bi ara mi léèrè iye àwọn tí kò pẹjọ́.

Èdè tí a fi ń sọ ohun tí a rí

Rírí kò tó. A gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí a rí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ètò náà fi hàn pé èdè wa lè gbé ẹ̀kọ́ irú èyí. Nínú iṣẹ́ irin, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀: ọ̀dà *ṣàn*, ó *wú*, ó *bó*, ó *sán*, ó *hunjọ*, irin *họ*, ó *tẹ̀ wọnú*, ó *dípẹtà*, ojú rẹ̀ *dán gbinrin*, ó *kọ mànà*, tàbí ó *ṣe bàìbàì*. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "ó bó" àti "ó sán" ti ya àbùkù méjì tó ní orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀.

Ní ti àwọ̀, a nílò ìṣọ́ra. *Pupa* nínú Yorùbá gbòòrò: epo pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa, ènìyàn pupa. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àfiwé, bíi pupa bí epo tàbí àwọ̀ ìyeyè, kí ó sì gbé páálí tí a ti kùn ní àwọ̀ tí à ń fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Àbá

1. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ya igun kan sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò. Kí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní funfun tàbí àwọ̀ eérú tí kò dán.
2. Kí igun náà ní ọ̀pá iná LED méjì tó jẹ́ nǹkan bí 6500 kelvin, tí CRI rẹ̀ kò dín sí 90. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ kan. Pátákó onílà dúdú àti funfun. Àti okùn tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà tí a fi ń wọn jíjìnnà ojú.
3. Kí a wọn ìmọ́lẹ̀ igun náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Áàpù orí fóònù lè fún wa ní àfojúsùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ gan-an ló ṣeé gbára lé.
4. Kí a wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ fún àwọ̀ àti ìbòrí, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì tó rẹlẹ̀ fún ìhá àti ọ̀dà tó ṣàn, àti pẹ̀lú pátákó onílà fún kòtò.
5. Kí ìwé máàkì ní àyè tí olùdánwò yóò ti kọ aago àti irú ìmọ́lẹ̀ tó lò. Bí iná bá lọ tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, kí a sún àyẹ̀wò sí ọjọ́ kejì.
6. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà kan náà, kí àwọn fúnra wọn lè yẹ iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó fi sílẹ̀.

Ìkádìí

Ẹjọ́ ni àyẹ̀wò iṣẹ́ irin. Ẹni tó ń dá ẹjọ́ náà nílò ẹ̀rí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ẹ̀rí náà wá síwájú rẹ̀. Iná tó tọ́, tí a gbé sí ibi tó tọ́, kò wọ́n ju ọ̀dà tí ọ̀dọ́mọkùnrin péńtà yẹn fi owó ara rẹ̀ rà lọ, kò sì wọ́n tó ọdún kan nínú ayé akẹ́kọ̀ọ́. Kí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá iṣẹ́ tiwa.